Àpá Kò Dí Apá Lọ́wọ́

Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin obìnrin inú ọkọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la jẹjẹrẹ ọyàn kọjá! Ẹ kú ewu, ẹ kú àforítì, ẹ kú àjọyọ̀ ọgbọ̀n ọdún. Ní 1996 lẹ kọ́kọ́ ki àjẹ̀ bọ omi ní Vancouver, nílẹ̀ Kánádà, ẹ̀yin mẹ́rìnlélógún péré. Ní 2026 yìí, ẹ ti pọ̀ kọjá kíkà. Ọkọ̀ yín wà lórí omi ní Ọsirélíà, ní Ítálì, ní New Zealand, ní Amẹ́ríkà, àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn. Ẹni tí jẹjẹrẹ ọyàn bá ti kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ rí, yálà ìyá rẹ̀ ló mú ni o, yálà àbúrò rẹ̀, ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní bi mí léèrè ìdí tí inú mi fi ń dùn tó báyìí, tí mo jókòó sí Ìbàdàn tí mo ń kí àwọn ará òkè òkun kú oríire.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọkọ̀ náà, ọkọ̀ dírágónì, fún ẹni tí kò rí i rí. Ọkọ̀ gbọọrọ ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò ní ẹ́ńjìnnì. Orí dírágónì ló wà níwájú rẹ̀, ìrù wà lẹ́yìn. Ogún èèyàn ló ń fi àjẹ̀ wà á. Méjì méjì ni wọ́n ń jókòó, ẹnì kan lápá ọ̀tún, ẹnì kan lápá òsì. Ẹnì kan wà lẹ́yìn tó ń darí ọkọ̀. Níwájú pátápátá ni onílù jókòó sí, ó kọjú sí àwọn awakọ̀, ó ń fi ìlù sọ fún wọn ìgbà tí àjẹ̀ yóò wọ omi. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ọkọ̀ yìí ti ṣẹ̀, ó sì ti lé ní 2,000 ọdún tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ìpàtẹ àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Vancouver ní 1986 ló mú un dé ìlú náà.

Èmi ọmọ Yorùbá, ìlù iwájú ọkọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lọ́kàn. A mọ ohun tí ìlù ń ṣe fún ẹni tó ti rẹ̀. Láyé àáró àti ọ̀wẹ̀, orin àti ìlù ló ń gbé ọkọ́ sókè nígbà tí ẹ̀yìn bá ti ń ro oníkálukú, tí kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ jókòó. Mo rò pé bí àwọn baba wa bá rí ọkọ̀ yìí, wọn ò ní béèrè ohun tí ìlù náà wà fún.

Ṣùgbọ́n kí ló pa ọkọ̀ kan pọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ? Ọ̀rọ̀ apá ni.

Nígbà tí oníṣẹ́ abẹ bá gé ọyàn, tàbí tó yọ kókó tó wà nínú rẹ̀, ó sábà máa ń yọ lára àwọn kókó kéékèèké tó wà lábẹ́ abíyá pẹ̀lú, kó lè mọ̀ bóyá àrùn ti dé ibẹ̀. Àwọn kókó yìí ló dà bí asẹ́ fún omi ara tó ń ti apá bọ̀. Bí wọ́n bá ti yọ wọ́n, omi lè máà rí ọ̀nà gbà mọ́, kó dúró sínú apá, kí apá wú, kó wúwo, kí òrùka tí ọkọ fi sọ́wọ́ ẹni máà wọ ìka mọ́. Bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, kì í fẹ́ lọ tán. Nítorí èyí, ìkìlọ̀ kan náà ni àwọn obìnrin ń gbà káàkiri ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún: má gbé ẹrù tó wúwo, má ṣe iṣẹ́ tí yóò máa mú apá lọ mú apá bọ̀, má gbé ọmọ. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ìfẹ́ yẹn náà ló sọ ọ̀pọ̀ obìnrin di àlejò nínú ilé ara wọn.

Mo rí i lójú mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní agúnyán nítorí pé kò sí ọjọ́ Sunday tí odó rẹ̀ kì í dún, ṣe iṣẹ́ abẹ ọyàn ọ̀tún. Ó gba oògùn kẹ́mò, irun orí rẹ̀ re, èékánná rẹ̀ dúdú. Wọ́n fi ẹ̀rọ onítànṣán jó o. Gbogbo ìyẹn, ó fara dà á. Ohun tó fẹ́ẹ̀ pa á ni ọwọ́ ọ̀tún tó ń gbé lé itan bí ẹni gbé ẹyin. Bí orin ìyìn bá dé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ òsì nìkan ló ń lọ sókè. Ó fún ọmọ àbúrò wa ní ọmọ odó méjèèjì, ó ní kò sí ohun tí òun fẹ́ fi wọ́n ṣe mọ́.

Ìyá kan ló gbà á sílẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ni wọ́n ti pàdé, níbi tí àwọn méjèèjì ti ń dúró de dókítà. Ìyá náà ti ṣe tirẹ̀ tán ní ọdún mẹ́jọ ṣáájú. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi títí, ó tú gèlè rẹ̀, ó ní, "Fọwọ́ kan irun mi. Orí yìí dán bí igbá nígbà kan." Ọjọ́ kẹta, ó wá sílé wa pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì kan nínú báàgì. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pálọ̀, kó fi ìka ọwọ́ ọ̀tún gun ògiri náà díẹ̀díẹ̀. Ìka náà ń gòkè bí ọmọ aláǹgbá tí ẹ̀rù ń bà. Ibi tó ti dúró kò ju èjìká lọ.

"Ó ń dùn mí, Mà."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Má fi ipá ṣe é. Mí sínú. Ó tó fún tòní."

Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan síbi tí ìka dé, ó kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó jókòó, ó béèrè omi. Bẹ́ẹ̀ ló ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìlà ń gun orí ìlà. Nígbà tí a kun ilé lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n mi dúró ti akunlé, kò jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì kan ibẹ̀. Àwọn ìlà náà ṣì wà lára ògiri títí di òní, mọ́kànlá ni wọ́n.

Ọjọ́ pẹ́ kí n tó mọ̀ pé irú iṣẹ́ tí ìyá yẹn ń ṣe ti rìn jìnnà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1952, ní New York, wọ́n gé ọyàn obìnrin kan tó ń jẹ́ Terese Lasser. Láyé ìgbà yẹn, wọn kì í gé ọyàn nìkan, iṣan àyà abẹ́ rẹ̀ ń bá a lọ. Kò rí ẹni bi léèrè bí òun yóò ṣe tún gbé apá sókè tàbí bí òun yóò ṣe wọ aṣọ. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó gbé báàgì, ó ń lọ bá àwọn obìnrin lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ẹ̀bùn tó ń mú dání ni bọ́ọ̀lù rọ́bà kan, okùn kan, àti ọyàn àtọwọ́dá tí wọn yóò kọ́kọ́ fi sínú kọ́mú. Bọ́ọ̀lù àti okùn wà fún apá. Àwọn dókítà kan kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, wọ́n ní ta ló pè é? Kò dẹ́kun. Ní 1969, ẹgbẹ́ ńlá tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà gba iṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Reach to Recovery ni orúkọ tí ó fún un, ó sì ti kọjá Amẹ́ríkà tipẹ́.

Ó wá kù ẹni tí yóò fi ẹ̀rí hàn pé apá yẹn lè ṣe iṣẹ́ tó lágbára. Don McKenzie, dókítà àwọn eléré ìdárayá ní Yunifásítì British Columbia, wo ìkìlọ̀ tí wọ́n ń fún àwọn obìnrin, ó sì rí i pé ẹ̀rí tó gbé e dúró kò tó nǹkan. Lójú tirẹ̀, iṣan tó ń ṣiṣẹ́ a máa ti omi ara lọ. Kí ló dé tí iṣẹ́ yóò wá di ọ̀tá apá? Ó wá eré ìdárayá tí yóò dán ọ̀rọ̀ náà wò láìṣojúsàájú, ó sì mú ọkọ̀ dírágónì. Apá ni gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀, ó sì le. Àjókòó ni wọ́n ń ṣe é, kì í ni ẹsẹ̀ lára. Ọmọdé lè ṣe é, àgbà lè ṣe é. Bí ìkìlọ̀ náà bá jẹ́ òótọ́, inú ọkọ̀ yẹn ni yóò ti hàn.

Ẹ dúró níbí, ẹ wo ohun tó béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin yẹn. Obìnrin tó ti la ọ̀bẹ kọjá, tó ti la kẹ́mò kọjá, ni wọ́n ń sọ fún pé: mú apá tí gbogbo ayé ní kó sinmi, fi wa ọkọ̀, ká wò ó bóyá yóò wú. Mẹ́rìnlélógún dìde, wọ́n ní àwọn yóò ṣe é. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní 30 ọdún, àwọn kan ti lé ní 60. Kò sí ẹni tó fi tipátipá mú wọn, kò sí owó níbẹ̀. Ohun tí mo gbàgbọ́ ni pé bó bá jẹ́ obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bi, kò ní gbà. Ẹgbẹ́ ló fún wọn láyà. Nígbà tí ẹni tó jókòó tì ọ́ bá ní irú àpá tí o ní, ẹ̀rù rẹ yóò fúyẹ́ bí ẹrù tí èèyàn méjì gbé.

Wọn ò kàn ṣàdédé kó sínú omi. Wọ́n kọ́kọ́ lo oṣù mélòó kan ní ilé ìdárayá, wọ́n ń fi irin kékeré mú apá le díẹ̀díẹ̀, àwọn oníṣègùn sì ń yẹ̀ wọ́n wò. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀, lẹ́yìn náà ni ìdíje ọkọ̀ dírágónì Vancouver ní oṣù kẹfà 1996, pẹ̀lú aṣọ píńkì lọ́rùn. Wọ́n sọ ẹgbẹ́ wọn ní Abreast in a Boat, orúkọ tó ń fi ọ̀rọ̀ ọyàn àti ọ̀rọ̀ ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́ ṣeré ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n wọn apá wọn lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kò sí apá tuntun kankan tó wú. Èyí tó ti wú tẹ́lẹ̀ kò wú sí i. McKenzie kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà Kánádà ní 1998.

Apá wọn ká a! Mo fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ ní èdè wa, nítorí èdè wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé apá la fi ń wọn ohun tó ju ni lọ àti ohun tí a lè ṣe. Lẹ́tà kan náà la fi kọ apá àti àpá, ohùn ló yà wọ́n. Àwọn obìnrin yìí ní méjèèjì, wọn ò sì jẹ́ kí ọ̀kan pa èkejì.

Lẹ́yìn wọn, ìmọ̀ ìṣègùn tẹ̀ síwájú ní ojú ọ̀nà yẹn. Ní 2009, Kathryn Schmitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí 141 obìnrin tí apá wọn ti wú lẹ́yìn ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn. Wọ́n fi irin gbígbé kọ́ ìdajì wọn, lábẹ́ àmójútó, díẹ̀díẹ̀. Wíwú kò pọ̀ sí i lára àwọn tó gbé irin, apá wọn tún lágbára ju ti àwọn yòókù lọ. Ọ̀rọ̀ "díẹ̀díẹ̀" àti "lábẹ́ àmójútó" yẹn ṣe pàtàkì o. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ohun tí mo kọ sáré lọ gbé àpò gàrí.

Ìgbà kan péré ni ètò náà wà fún tẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin ni wọ́n kọ̀, tí wọn ò gbé àjẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù lọ nìyẹn. Dókítà ti rí èsì tó ń wá, ó lè máa lọ sílé. Àwọn obìnrin ti rí nǹkan mìíràn tí kò sí nínú ìwé rẹ̀. Wọ́n rí ibi tí wọn ò ti ní láti ṣàlàyé. Nínú ọkọ̀, bí obìnrin kan bá ní, "Ọ̀la ni àyẹ̀wò mi," kò sẹ́ni tí yóò sọ fún un pé kó máà ronú. Wọn yóò bi í pé aago mélòó ni, ta ló ń bá a lọ? Bí ó bá wá sí omi láìní irun, ẹni tó ti hu irun padà ló jókòó tì í. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ogún àjẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ wọ omi lẹ́ẹ̀kan náà kí ọkọ̀ yẹn tó lọ tààrà. Bí alágbára kan bá ń dá tirẹ̀ wà, ìdíwọ́ ló jẹ́.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wá ń tàn kálẹ̀. Ní 2005, Vancouver gba àwọn ẹgbẹ́ láti òkèèrè ní àlejò. Ní 2007, wọ́n pàdé ní Caloundra, ní Ọsirélíà, ní 2010, wọ́n wà ní Peterborough ní Kánádà. Ọdún 2010 yẹn náà ni wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tó so gbogbo ẹgbẹ́ pọ̀ káàkiri àgbáyé. Sarasota ní Amẹ́ríkà ló kàn ní 2014, Florence ní Ítálì ní 2018, ilẹ̀ New Zealand ní 2023. Ti 2026 bọ́ sí Aix-les-Bains, nílẹ̀ Faransé.

Ibi yòówù kí wọ́n pàdé sí, nǹkan kan wà tí wọn kì í fò. Lẹ́yìn eré ìkẹyìn, àwọn ọkọ̀ kì í sáré padà sí èbúté. Wọ́n á wọ́ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí omi. Àwọn obìnrin á na ọwọ́ di ọkọ̀ kejì mú, títí gbogbo ọkọ̀ yóò fi di ọ̀kan. Olúkúlùkù ní òdòdó píńkì kan lọ́wọ́. Àwọn tó ti lọ ni wọ́n ń rántí, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lọ́dún tó kọjá, tí àyè wọn ṣófo lọ́dún yìí. Wọ́n á gbé òdòdó sókè, wọ́n á sì jù ú sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ẹbí tó wà létí omi á máa sunkún, wọ́n á sì máa pàtẹ́wọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa yín, ẹ̀yin obìnrin inú ọkọ̀, èyí ni mo bọ̀wọ̀ fún jù. Ẹ ò fi àjọyọ̀ bo òkú yín mọ́lẹ̀. Ní 2022 nìkan, àjọ ìlera àgbáyé WHO ka nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.3 obìnrin tí wọ́n rí jẹjẹrẹ ọyàn lára wọn, àti nǹkan bí 670,000 tó bá a lọ. Ẹ mọ iye yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ, ẹ sì tún ń lu ìlù.

Nílé wa níbí náà, a kò dúró lásán. Jẹjẹrẹ ọyàn ló wọ́pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ tó ń mú obìnrin Nàìjíríà. Ní 1997, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ẹ wọ omi, Betty Anyanwu-Akeredolu, ìyàwó Ọ̀wọ̀, tí àrùn náà mú òun fúnra rẹ̀, dá ẹgbẹ́ BRECAN, tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ọyàn, sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó jáde sí gbangba, ó ní òun ni, òun rèé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń fi àìsàn yìí pamọ́ sí yàrá, tí wọ́n ń pè é ní àfiṣe, tí wọ́n ń gbé obìnrin kiri títí ọyàn yóò fi dégbò. Èmi kò mọ iye obìnrin tó tìtorí ohùn rẹ̀ tètè lọ fi kókó inú ọyàn han dókítà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ọ̀kan. Rédíò ló ti gbọ́ ọ. BRECAN náà kò ní pẹ́ pé ọgbọ̀n ọdún, ẹ jẹ́ ká ti máa rán aṣọ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin mẹ́rìnlélógún ìpilẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà láyé àti ẹ̀yin tí òdòdó ti bá lọ, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́. Dókítà McKenzie, orí yín kò ní burú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àjẹ̀ lọ́wọ́ wọn, omi kò ní gbé yín lọ, ọdún yóò máa bá yín láyé, ẹ ó máa ṣe èyí tó ju báyìí lọ.

Ẹ̀yin obìnrin ilé wa tẹ́ ẹ ti parí ìtọ́jú, mo fi ọlá àjọyọ̀ yìí bẹ̀ yín. Ẹ bi dókítà yín léèrè ohun tí apá yín lè ṣe báyìí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọdún kìíní ṣe ìjọba lórí ara yín títí láé. Lẹ́yìn náà, ẹ padà lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan tí wọn kò pè yín. Ẹ jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ óò rí ẹnì kan níbẹ̀ tó dá jókòó, tó fi gèlè bo orí dé ojú. Ẹ tú tiyín.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bá òun kí yín. Ó ti gba ọmọ odó rẹ̀ padà. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, ó gún iyán fún èèyàn mẹ́fà, ọwọ́ ọ̀tún ló sì fi gún un.